Ọjọ́ Tí A Gbé Obì Lọ sí Bùrò Ìwáṣẹ́ ní Savalou

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pariwo kí n tó sọ̀rọ̀, torí bí mi ò bá pariwo, ọ̀rọ̀ yìí á há mi lọ́fun. Halelúyà! Ẹ má dá mi lóhùn bí ẹni tí ebi ń pa. Halelúyà! Ọlọ́run tó ṣí ilẹ̀kùn tí èmi fúnra mi fi ẹnu ara mi tì, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí. O ṣé, Bàbá. O ṣé gan-an ni.

Pásítọ̀, mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ fún mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbójú kúrò lára aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò tó opó láti fi sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Èmi ni Dọ́kásì, ìyá Pọ́lù, aya Sámúẹ́lì gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti sùn nínú Olúwa. Nígbà tí ọkọ mi lọ, ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ fún mi: Pọ́lù, Mátà, àti Dáfídì tí kò tíì mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Mo ṣọ̀fọ̀ fún ọdún kan gbáko. Mo ń din àkàrà láràárọ̀ níwájú ilé wa níbí ní Bantè, àmọ́ ọmọ mẹ́ta ti máa ń jẹ ẹ́ dé ìdajì kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó dé.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ parí, Bàbá Fídélì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, pe ìpàdé ẹbí. Ẹ má bojú wẹ̀yìn wò ó o, ó wà níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó kàn ní ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, pé kí ẹbí bá mi gbé e. Ó ní Pọ́lù á lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Gouka, Mátà á lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Agoua, Dáfídì á wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Lougba.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ọ̀nà yẹn, ẹ bá mi rò ó. Ọmọ mẹ́ta tí mo bí sínú ilé kan, wọ́n fẹ́ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, kí n máa gun alùpùpù zémìjáàn nínú eruku láti lọ kí wọn níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba owó èsúsú. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè parọ́.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni kó rí. Ìyá yìí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà nílé ọmọ rẹ̀, mi ò gbọ́ ọ kó sọ lẹ́ẹ̀kan pé ọbẹ̀ mi dára. Bó bá jẹ ẹ́ tán, á nu ọwọ́, á ní, “A ti jẹun.” Ó parí nìyẹn. Àti pé ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ ọmọ kékeré kan tí yóò máa sáré nínú ilé rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, bí mo bá ríṣẹ́ tó lè bọ́ wa ńkọ́?”

Bàbá Fídélì ronú díẹ̀. Ó ní, “Bí o bá ríṣẹ́ gidi kí iṣu tuntun tó jáde, àwọn ọmọ á dúró lọ́dọ̀ rẹ. Bí iṣu bá ti jáde tí iṣẹ́ ò tíì jáde, kí o di ẹrù wọn.”

Láti ọjọ́ yẹn, mo di ọ̀tá iṣu. Bí òjò bá rọ̀, àwọn èèyàn á máa yọ̀, èmi á máa sunkún. Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú ìjọ tí ẹ gbàdúrà òjò lọ́dún náà, ẹ dárí jì mí, èmi ni mo jókòó sẹ́yìn tí mi ò ṣe ààmín.

Níbo sì ni iṣẹ́ wà? Lákòókò yẹn, ìjọba ti ní òun ò gba òṣìṣẹ́ mọ́. Àwọn tó kàwé débi tí ojú ń dùn wọ́n, zémìjáàn ni wọ́n ń gùn. Ìgbà náà la gbọ́ pé ọkùnrin kan ti ṣí bùrò kan ní Savalou, tó ń bá ènìyàn wáṣẹ́. Kì í ṣe ti ìjọba, tara rẹ̀ ni. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ á lọ bá a, ẹni tó ń wáṣẹ́ náà á lọ kọ orúkọ, òun á wá so àwọn méjèèjì pọ̀. Mo ní Ọlọ́run ti dé. Mo wọ aṣọ ìsìn mi, mo wọ ọkọ̀, ó di Savalou.

Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Máhì ni. Táì ọrùn rẹ̀ ò dé ìdodo, àmọ́ ó ń kọ Faransé bí ẹni tó ń sáré. Èmi náà gbọ́ èdè Máhì díẹ̀, ìyẹn la fi ń sọ̀rọ̀. Ó bi mí iṣẹ́ tí mò ń wá. Mo ní oúnjẹ sísè. Ó ní, ṣé mo mọ̀ ọ́n sè?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí. Ọmọ ilé ire wo ni wọ́n máa bi pé ṣé ó mọ oúnjẹ sè, tí yóò la ẹnu kó ní bẹ́ẹ̀ ni? Mo wolẹ̀. Mo ní, “À ń gbìyànjú.”

Ó ní, ṣé mo ti se oúnjẹ fún èrò púpọ̀ rí? Èmi tí mo ti ń se oúnjẹ àpéjọ ìjọ yìí láti ìgbà tí Pọ́lù ti wà lẹ́yìn mi. Mo ní mo máa ń bá wọn dáná. Ó ní oúnjẹ wo ni mo mọ̀ ọ́n sè jù? Mo ní ohun tí Ọlọ́run bá pèsè. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Ó ní, ní tèmi, ṣé oúnjẹ mi dára? Ojú tì mí. Mo fi gèlè bo ẹnu, mo ní ẹnu mi kọ́ ló yẹ kó ti gbọ́ ìyẹn, kó bi ẹlòmíràn.

Ó kọ ọ́. Ó kọ ọ́ gan-an ni. Mo rò pé ìwà mi ló ń kọ.

Mo padà sí Bantè tayọ̀tayọ̀. Mo sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo fi ẹ̀kọ́ ilé dá a lóhùn, pé ìyá tó bí mi ì bá yọ̀ bó bá gbọ́. Mo wá ń retí. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Kí n má purọ́ níwájú pẹpẹ, ọjọ́ méjì àtààbọ̀ ni, ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni àkàrà ta sí mi nímú. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, méjì kọjá, ewé iṣu ti ń gun igi. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo padà lọ.

Wọ́n ní ọmọbìnrin kan tó kọ orúkọ lẹ́yìn mi ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Parakou. Mo mọ ọmọ náà. Omi gbígbóná nìkan ló mọ̀ ọ́n sè, ìyẹn náà á sì jóná. Mo bi Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù pé kí ni mo ṣe. Ó fa ìwé mi yọ, ó kà á sí mi létí ní èdè tí mo gbọ́:

“Kò mọ̀ ọ́n sè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú. Ó máa ń bá wọn dáná. Kò sọ oúnjẹ kankan. Ó ní kí a bi ẹlòmíràn.”

Ará, ẹ gbọ́ ohun tó kọ! Mo ní, “Mùsíọ̀, ìwà ọmọlúàbí ni mo ń hù.” Ó ní òun gbà, àmọ́ ìwé ò mọ ìtìjú, ohun tí ènìyàn bá sọ ló ń gbà. Ó ní Màdáàmù kan tó ní ilé àlejò lójú ọ̀nà ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ àti àwọn èrò tó ń sùn níbẹ̀, yàrá sì wà fún ẹni náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Iṣẹ́ tí mò ń gbàdúrà fún gan-an! Ó ní ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe lè fi ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ ní òun ń gbìyànjú ránṣẹ́ sí i. Mo ní ó dáa, kó jẹ́ kí n tún un sọ, pé mo mọ oúnjẹ sè. Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo tún un sọ, ẹ̀rín pa á. Ó ní bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè ni mo ṣe sọ ọ́.

Mo délé, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Bàbá Fídélì ló wá bá mi bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé fún òun, kí gan-an ni bùrò yẹn ń ṣe? Mo ní ó wà láàárín ẹni tó ń wá ènìyàn àti ẹni tó ń wá ilé tí yóò wọ̀. Ó ń bá tọ̀tún sọ̀rọ̀, ó ń bá tòsì sọ̀rọ̀, títí wọ́n á fi gba ara wọn.

Bàbá Fídélì ní, “Alárenà nìyẹn.”

Mo ní, “Ó jọ ọ́, bàbá.”

Ó ní, “Ìwọ nìkan lo sì lọ? Ìwọ fúnra rẹ lo gbéra lọ sọ́dọ̀ alárenà, láìsí àgbà, láìsí obì, o wá fẹ́ kí wọ́n mú ọ ní pàtàkì?”

Ó bínú gan-an. Ó ní òótọ́ ni pé òun fẹ́ pín àwọn ọmọ, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé ilé àwọn ló jẹ́ kí n kùnà. Ó ní a máa lọ bó ṣe yẹ kí wọ́n lọ. Ó yan ara rẹ̀. Ó yan Àlááji, aránṣọ àdúgbò wa, kó jẹ́ agbẹnusọ, nítorí ó ń ránṣọ fún àwọn ará Savalou, ó sì gbọ́ Máhì ju ọmọ Máhì lọ. Ó wá ní kí wọ́n lọ mú ìyá ọkọ mi wá láti Lougba, torí ọ̀rọ̀ obìnrin kò ṣe é parí láìsí ìyá ilé. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Ẹni tó fẹ́ kí n kùnà ni wọ́n fẹ́ gbé lọ bá mi bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, a kó sínú ọkọ̀: obì, iṣu ọdún tó kọjá mẹ́fà, àgbébọ̀ adìyẹ kan tí kò fẹ́ràn ìrìn-àjò. Lójú ọ̀nà, Àlááji ní nǹkan kan ń jẹ òun lọ́kàn, pé kì í ṣe ẹbí ìyàwó ló ń gbé obì lọ, ẹbí ọkọ ni. Bàbá Fídélì ní òun mọ̀, àmọ́ ọkọ ò mọ ilé wa, iṣu sì ti ń tó wà.  Ìyá ọkọ mi gbé adìyẹ sórí itan, ó ń wo ìta.

Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù rí wa tí a ń wọlé tẹ̀léra wa pẹ̀lú aṣọ ńlá, ó dìde, ó fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ mọ́ àyà. Ní ọdún wọ̀nyẹn, bí èèyàn bá wọ bùrò lọ́pọ̀, ìyanṣẹ́lódì ni wọ́n máa ń rò. Ó ní òun nìkan kọ́ ló ni ibẹ̀. Àlááji, tí téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ ló gbé wa wá. Ìyẹn tún wá dá kún ẹ̀rù rẹ̀.

A kí i. A kí ìyàwó rẹ̀, a kí bàbá rẹ̀, a kí àwọn tó ti kú nínú ẹbí rẹ̀. A gbé obì kalẹ̀ sórí àwọn ìwé dosié rẹ̀. Adìyẹ wọ abẹ́ tábìlì lọ. Àlááji wá ní ọmọ wa kan ló wá síbí láìmọ̀, àṣìṣe ọmọdé ni, àwa wá tún un ṣe. A gbọ́ pé ẹnì kan ń fẹ́ ẹ. Ta ni ẹni náà? Ọmọ ta ni? Ṣé wọn kì í jà nílé rẹ̀?

Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù nu ojú. Ó ní òun ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún méjì, kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí a kọ́kọ́ san ohun tí a fi ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá Fídélì ní alárenà kì í gba tirẹ̀ kí ìyàwó tó wọlé, kó ní sùúrù. Ó wá bi í ní ìbéèrè pàtàkì kan: ẹni tó wà níbẹ̀ kí tiwa tó máa wọlé, kí ló lé e lọ?

Ọkùnrin yẹn ò mọ irọ́ pa, Ọlọ́run bùkún un. Ó ní ẹni mẹ́ta ló ti kúrò lọ́dún yìí.

Bàbá Fídélì gbé fìlà wọ̀. Ó ní, “Ọkọ tí ìyàwó mẹ́ta sá fún lọ́dún kan, òun lẹ fẹ́ fi ọmọ wa fún?” Ó dìde, Àlááji dìde. Ará, mo rí iṣẹ́ mi tó ń gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo pe Jésù nínú ikùn mi, torí n kò lè pè é síta níwájú àwọn àgbà.

Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ mọ̀ pé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ni Màdáàmù fúnra rẹ̀ wọlé? Nítorí ẹni kẹta tó sá lọ yẹn ni Màdáàmù ṣe wá bá Mùsíọ̀ jà. Halelúyà! Ẹ bá mi yin Ẹni tó ń fi ìjà ẹlòmíràn ṣe ìrànwọ́ fún opó.

Obìnrin ńlá ni, ọmọ Kétu, ó gbọ́ èdè wa. Ó la ẹnu láti bínú, ó wá rí obì, ó rí iṣu, ó rí àwọn àgbà pẹ̀lú agbádá. Ẹ̀kọ́ ilé gbé e, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Fídélì. Ó ní, “Ẹ kú ìnáwó o. Ta ló ń gbéyàwó?”

Àlááji ní, “Ẹ̀yin ni, Màdáàmù.”

Wọ́n ṣàlàyé fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó fa àga, ó jókòó, ó ní ohun tí òun ti ń wá nìyí. Ó ní bùrò yìí ti fi ẹni mẹ́ta ránṣẹ́ sí òun, gbogbo wọn ló ní ìwé tó dára. Ẹni àkọ́kọ́ lọ kí ìyá rẹ̀, kò padà. Ẹnì kejì, ẹyin díndín nìkan ló mọ̀. Ẹnì kẹta gbé ìkòkò ńlá òun sá lọ. Ó ní kò sí èyí tí òun mọ ẹni tí òun lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn nínú wọn. Ìwé ò ní ẹ̀gbọ́n, ìwé ò ní ìyá. Ó wò wá yíká, ó ní, “Èwo nínú yín ló ti jẹ oúnjẹ obìnrin yìí pẹ́ jù?”

Gbogbo wa yíjú sí ìyá ọkọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo mọ̀ pé bí ìyá yìí bá ní “A ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ náà,” ó ti parí. Kò ní purọ́, kò ní ṣẹ̀ mí, yóò sì gbé Dáfídì relé.  Ìyá ń fi ìka tẹ etí aṣọ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ó ní, “Sámúẹ́lì ọmọ mi, kó tó fẹ́ obìnrin yìí, tí mo bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á fá àwo. Látìgbà tó ti fẹ́ ẹ, bó bá wá sí Lougba, á tọ́ tèmi wò, á ní òun ti yó. Irọ́ ni. Ó fẹ́ lọ jẹun nílé ni. Nígbà tí àìsàn dé, tí ọ̀fun rẹ̀ ò gba nǹkan mọ́, èmi se é, ó kọ̀ ọ́. Ti obìnrin yìí ló gbà títí dé òpin. Inú bí mi sí i. Ọdún mọ́kànlá ni inú fi bí mi.”  Ó wá ní, “Àmọ́ ata rẹ̀ máa ń pọ̀.”

Màdáàmù ní àwọn awakọ̀ fẹ́ràn ata.

Mo sunkún, ẹ̀yin ará. Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù náà yíjú sí ògiri, ó ní eruku ni. Bàbá Fídélì bọ́ fìlà, ó tún jókòó. Ó ní obì dà, kí wọ́n pa á. Bí mo ṣe bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kí iṣu tuntun tó kan ìkòkò. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ń bá mi gbé ní Savalou, yàrá kan náà, ẹní kan náà. Bàbá Fídélì fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ wò wọ́n lórí ìjókòó yẹn. Ẹ má wo ẹnu Dáfídì, ó ń jẹ nǹkan. Ní ti Mùsíọ̀ Jẹ́rọ́ọ̀mù, wọ́n ní ó ti ń sọ fún ẹni tó bá wá forúkọ sílẹ̀ pé kó mú ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó ní ṣùgbọ́n kí wọ́n má ju méjì lọ, kí wọ́n má sì mú adìyẹ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Fídélì tó gbé mi ga nígbà tí ì bá jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlááji, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, àmọ́ Ọlọ́run mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́ nínú ìjọ yìí, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ lọ kọ orúkọ, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ẹ mọ iṣẹ́ yín, ẹ gbé ojú sókè kí ẹ dáhùn.

Ìyá ọkọ mi wà níbí láàárọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kó jókòó, kò fẹ́ kí n pe òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun rere kan nípa ẹnì kan, tí ẹ fi pamọ́ sínú nítorí ìbínú, mo bẹ̀ yín lórúkọ Jésù, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ṣì wúlò fún un. Ọmọ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìyá yìí dá padà fún mi. Halelúyà.